Áísìkiriìmù tí wọ́n ní ọ̀rá rẹ̀ dínkù: kí ló kúrò níbẹ̀, kí ni wọ́n sì fi dípò rẹ̀?

Lọ́jọ́ keje oṣù Kìíní ọdún 2026, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìlànà oúnjẹ tuntun jáde, èyí tí wọn yóò máa lò títí di ọdún 2030. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu: wọ́n ní tí èèyàn bá fẹ́ mu mílíìkì tàbí kó jẹ yógọ́ọ̀tì, kó mú èyí tí wọn kò yọ ọ̀rá rẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ìjọba kan náà ti ń kọ́ aráàlú pé èyí tí ọ̀rá rẹ̀ kéré ló dára jù. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀rọ̀ náà fi kan áísìkiriìmù, pàápàá irú èyí tí wọ́n máa ń kọ "reduced fat" sí lára. Ẹni tó ń rà á fún ìyá rẹ̀ tí dókítà ní kó ṣọ́ra fún ọ̀rá ń béèrè bóyá òun ti ń fowó ṣòfò látọjọ́ yìí. Àwọn mìíràn ní ìjọba ti fọwọ́ sí áísìkiriìmù ọlọ́ràá nìyẹn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú ike náà ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀.

Kí ni òfin ń pè ní "reduced fat"?

L'Amẹ́ríkà, oníṣòwò kò lè déédéé kọ ohun tó bá wù ú sára ike. Àjọ FDA, tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ló là á kalẹ̀ fún wọn. Lákọ̀ọ́kọ́ ná, kí nǹkan tó lè máa jẹ́ áísìkiriìmù lásán, ọ̀rá mílíìkì inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ pè ní "reduced fat" gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọ̀rá rẹ̀ fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, dín sí ti èyí tí wọ́n fi wé. Ti "light" le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀rá rẹ̀ ní láti dín ní ìdajì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan lè gba ọ̀nà kálórì wọlé, tí kálórì wọn bá fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín. "Low fat" kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 3 ọ̀rá lọ nínú ìwọ̀n tí wọ́n kà sí ìjẹ ẹ̀ẹ̀kan. "Nonfat" kò gbọ́dọ̀ pé ìdajì gíráàmù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà wà níbí. "Low fat" àti "nonfat" ní iye pàtó tí wọn kò gbọ́dọ̀ kọjá. "Reduced fat" kò ní. Ìfiwéra ni. Áísìkiriìmù ọlọ́ràá gan-an wà tí ọ̀rá rẹ̀ tó gíráàmù 16 nínú gíráàmù 100. Tí iléeṣẹ́ tó ń ṣe irú rẹ̀ bá fi ìdá 25 dín in, yóò ku nǹkan bíi gíráàmù 12. Èyí tí kò ní àkọlé kankan lára, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú fírísà kan náà, lè má ní ju gíráàmù 11 lọ. Òfin kò rú níbẹ̀ o. Ìdí nìyẹn tí FDA fi ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fi ọjà náà wé sára ike, kí wọ́n sì kọ iye tó fi dín. Lẹ́tà wíńníwíńní ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́, àmọ́ ó wà níbẹ̀.

Níbo ni irú áísìkiriìmù yìí ti wá?

Ọjà náà kì í ṣe tuntun. Kó tó di ọdún 1994, "ice milk" ni orúkọ tí òfin fún èyí tí ọ̀rá rẹ̀ wà láàárín ìdá 2 sí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, wọn kò sì gbọ́dọ̀ pè é ní áísìkiriìmù. Àmọ́ láàárín ọdún 1977, nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà tí Sẹ́nétọ̀ George McGovern darí rẹ̀ ní kí àwọn ará Amẹ́ríkà dín ọ̀rá jíjẹ kù, sí ọdún 1990 tí òfin àkọlé oúnjẹ jáde, ọ̀rá ti di ohun tí gbogbo ayé ń sá fún. Ní 1994, FDA fagi lé òfin "ice milk". Ohun tó ń jẹ́ orúkọ yẹn lánàá wá ń jẹ́ áísìkiriìmù tí ọ̀rá rẹ̀ dínkù, tàbí áísìkiriìmù "low fat".

Kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an?

Ẹ jẹ́ ká mú fánílà, torí òun ló rọrùn jù láti fi wé ara wọn, ká sì wo iye tí iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà, USDA, kọ sílẹ̀ fún gíráàmù 100. Fánílà tí wọn kò dín ohunkóhun kù nínú rẹ̀ ní kálórì 207, ọ̀rá gíráàmù 11, ṣúgà gíráàmù 21, prótéènì gíráàmù 3.5 àti kálísíọ̀mù mìlígíráàmù 128. Nínú ọ̀rá gíráàmù 11 yẹn, nǹkan bíi 6.8 ló jẹ́ ọ̀rá saturated, ìyẹn irú ọ̀rá tó máa ń dì bíi ti bọ́tà, tí àwọn dókítà ọkàn máa ń kìlọ̀ nípa rẹ̀.

Fánílà "light" ní kálórì 180, ọ̀rá gíráàmù 4.8, èyí tí 2.9 nínú rẹ̀ jẹ́ saturated, ṣúgà gíráàmù 22, prótéènì 4.8 àti kálísíọ̀mù mìlígíráàmù 161.

Ẹ tún un kà. Ó lé ní ìdajì ọ̀rá tó ti lọ, síbẹ̀ kálórì 27 péré ló dínkù, èyí tí kò ju ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Gíráàmù kan ọ̀rá ń fún ara ní kálórì 9. Gíráàmù kan ṣúgà tàbí prótéènì ń fún un ní 4. Ọ̀rá tí wọ́n yọ kó kálórì 56 lọ. Àmọ́ kabohaídíréètì, ìyẹn ṣúgà àti sítáṣì lápapọ̀, fi gíráàmù mẹ́fà lé, prótéènì náà fi gíráàmù kan àti díẹ̀ lé, àwọn méjèèjì sì dá kálórì 29 padà. Ẹni tó ń rà á torí kó lè fọn, kálórì 27 yìí ni gbogbo èrè rẹ̀ lórí gíráàmù 100. Ẹni tó ń rà á torí ọ̀rá saturated jèrè gidi, torí ìyẹn ti ju ìdajì lọ tó kúrò. Prótéènì àti kálísíọ̀mù náà sì lé sí i, èyí tí àwọn tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu ọjà yìí kì í sábà mẹ́nu kàn.

Tí ọ̀rá bá kúrò, kí ni wọ́n fi dí àyè rẹ̀?

Ọ̀rá kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn dà sínú áísìkiriìmù kó lè dùn. Òun ló ń mú kó máa yọ̀ lẹ́nu. Òun ló ń di afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ fẹ́ sínú rẹ̀ mú. Ó tún wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí omi inú rẹ̀ dì di ègé yìnyín ńláńlá. Tí wọ́n bá yọ ọ́, omi ni yóò pọ̀ níbẹ̀, omi tó pọ̀ ni yóò sì di yìnyín tó pọ̀. Ẹni tó bá ti ṣí ike tó pẹ́ nínú fírísà, tó fi ṣíbí kàn án tó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, tó rí funfun tó hù sí i lójú, ti rí ohun tí àwọn aláṣeṣe ń bá jà.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń nawọ́ mú ni mílíìkì oníyẹ̀fun tí kò lọ́ràá. Ibẹ̀ ni prótéènì àti kálísíọ̀mù tó lé sí i ti wá. Àmọ́ kò ṣeé dà sí i láìníwọ̀n: mílíìkì oníyẹ̀fun ní lactose, ìyẹn ṣúgà tí Ọlọ́run dá mọ́ mílíìkì, tó bá sì pọ̀ jù yóò dì, ahọ́n yóò máa bá a bí iyanrìn. Nítorí náà, wọ́n máa ń fi omi ṣúgà àgbàdo àti maltodextrin, ìyẹ̀fun kan tí wọ́n fi sítáṣì ṣe, kún un. Àwọn méjèèjì ń mú kó ki, omi ṣúgà náà kì í sì jẹ́ kó tètè dì gbagidi. Polydextrose wà pẹ̀lú, tí kálórì rẹ̀ kéré tó sì ń ṣe bíi fáíbà. Lẹ́yìn náà ni guar gum, locust bean gum àti carrageenan, tí wọ́n ń fi iye díẹ̀díẹ̀ sí kí omi má bàa ya sọ́tọ̀, àti mono- and diglycerides tó ń mú kí omi àti ọ̀rá tó ṣẹ́kù gbà fún ara wọn.

Ohun kan tún wà tó máa ń kọ àwọn tó ń ka ẹ̀yìn ike lóminú: vitamin A palmitate. Wọ́n á ní kí ni kẹ́míkà ń wá nínú mílíìkì? Fítámì A ń gbé inú ọ̀rá ni. Bí ọ̀rá bá ti lọ, ó bá a lọ. Òfin Amẹ́ríkà sì ní oúnjẹ tí wọ́n bá dín ọ̀rá rẹ̀ kù tó ṣì ń jẹ́ orúkọ ti àtilẹ̀wá kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ sí i ní èròjà aṣaralóore. Torí náà, dídá ni wọ́n dá ohun tó lọ padà.

Kí ló dé tí ike kan fi wúwo ju èkejì lọ?

Afẹ́fẹ́ ni. Gbogbo áísìkiriìmù ló ní afẹ́fẹ́ nínú, àmọ́ wọn kì í ṣe ọgba. L'Amẹ́ríkà, ike pint kan, tó jẹ́ mílílítà 473, lè wọn gíráàmù 255 péré kó sì bá òfin mu. Ike pint àwọn olówó iyebíye, tí afẹ́fẹ́ wọn kéré, máa ń sún mọ́ gíráàmù 400. Ẹ gbé ọ̀kan lé ọwọ́ ọ̀tún, èkejì lé ti òsì, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára láìlo òṣùwọ̀n.

Èyí ṣe pàtàkì torí pé ife ni wọ́n fi ń wọn ìjẹ ẹ̀ẹ̀kan níbẹ̀, wọn kì í fi ìwúwo wọ̀n ọ́n. Ìjẹ ẹ̀ẹ̀kan tẹ́lẹ̀ jẹ́ ìdajì ife. Ní 2016, FDA sọ ọ́ di ìdá méjì nínú mẹ́ta ife, torí wọ́n rí i pé ohun tí àwọn èèyàn ń jẹ gan-an ju ìdajì ife lọ; láti ọdún 2020 ni àwọn iléeṣẹ́ ńlá sì gbọ́dọ̀ máa lò ó. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe pọ̀ tó nínú ife yẹn ni kálórì tó wà lójú ike yóò ṣe kéré tó. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọjà méjì wéra dáadáa, kó wo iye gíráàmù tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n ife náà.

Iléeṣẹ́ Halo Top ló mọ ọgbọ́n yìí dójú àmì. Ní Los Angeles ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ kálórì odidi ike gàdàgbà síwájú rẹ̀, iye tó wà láàárín 240 sí 360 nígbà náà. Afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀rá kéré, erythritol àti stevia sì wà níbẹ̀ dípò ọ̀pọ̀ ṣúgà. Ní àárín ọdún 2017, ó ta ju gbogbo ike pint yòókù lọ ní àwọn ìsọ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ odidi ike kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lónìí, tí ẹ bá yí ike pint padà, ẹ ó rí òpó méjì lórí àkọlé rẹ̀: ọ̀kan fún ìjẹ ẹ̀ẹ̀kan, ọ̀kan fún odidi ike. Òfin ọdún 2016 yẹn náà ló mú un wá.

Ṣé ó bá alárùn ìtọ̀ ṣúgà mu?

Ọ̀rá tó dínkù kò sọ nǹkan kan nípa ṣúgà. Iye USDA tó wà lókè yẹn ti fi hàn pé ṣúgà "light" lé díẹ̀ sí ti èkejì. Ọ̀rá tún máa ń jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ díẹ̀ nínú ikùn kí ṣúgà tó wọnú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n bá sì yọ ọ́, ìdènà yẹn dínkù. Ẹni tó ní àrùn yìí kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ iwájú ike ṣe atọ́nà. Ìlà "Total Carbohydrate" àti "Added Sugars" ni kó wò, kó sì bá ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àwọn tí wọ́n fi adùn mìíràn rọ́pò ṣúgà ńkọ́? Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àwọn èèyàn má gbára lé àwọn adùn tí kì í ṣe ṣúgà bí wọ́n bá fẹ́ fọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n yọ ẹni tó ti ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà sílẹ̀ nínú ìmọ̀ràn yẹn, erythritol kò sì sí lára ohun tí ìmọ̀ràn náà kàn. Ọdún náà ni àwọn onímọ̀ ilé ìwòsàn Cleveland Clinic l'Amẹ́ríkà kéde pé àwọn tí erythritol pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kọlù jù. Àwọn mìíràn ta kò wọ́n pé ara èèyàn náà ń ṣe erythritol fúnra rẹ̀, pé ó lè jẹ́ àìsàn tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló mú un pọ̀. Àríyànjiyàn náà ṣì ń lọ. Èyí tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni pé sorbitol àti maltitol, tí wọ́n tún máa ń fi rọ́pò ṣúgà, máa ń da inú láàmú tí wọ́n bá pọ̀.

Kí ló dé tí àwọn onímọ̀ kò fi fẹnu kò?

Ìwádìí ńlá kan wà l'Amẹ́ríkà tí obìnrin 48,835 kópa nínú rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ lé fún nǹkan bí ọdún mẹ́jọ. Wọ́n ní kí apá kan dín gbogbo ọ̀rá kù. Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde ní 2006, wọn kò rí i pé àrùn ọkàn dínkù ní ọ̀nà tó ṣe gúnmọ́ láàárín wọn. Láti ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń sọ pé ogun tí wọ́n gbé ti ọ̀rá kò ní láárí, àti pé ọ̀rá inú mílíìkì kò burú tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ọkàn, American Heart Association, kò gbà. Wọ́n ní ọ̀rá saturated ṣì ń mú kí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù burúkú gòkè, àti pé ohun tí èèyàn fi rọ́pò rẹ̀ ló yẹ ká máa béèrè. Nínú àlàyé tí wọ́n gbé jáde ní 2017, wọ́n ní ẹni tó bá fi òróró bíi ti sóyà rọ́pò ọ̀rá saturated máa jèrè, àmọ́ ẹni tó bá fi ṣúgà àti oúnjẹ tí wọ́n ti lọ̀ kúnná rọ́pò rẹ̀ kò ní rí irú èrè bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yìí ló kan áísìkiriìmù jù, torí ṣúgà àti omi ṣúgà àgbàdo gan-an ló sábà máa ń gba àyè ọ̀rá níbẹ̀.

Ní 2023, ìròyìn kan tún gbòde pé àwọn tó ń jẹ áísìkiriìmù kì í fi bẹ́ẹ̀ ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà. Òótọ́ ni pé ó hàn bẹ́ẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ àwọn onímọ̀ Harvard. Ṣùgbọ́n ẹni tí dókítà bá ti sọ fún pé ṣúgà rẹ̀ ti ń gòkè máa ń jáwọ́ nínú áísìkiriìmù, ara tó le ni yóò sì ṣẹ́kù sáàárín àwọn tó ń jẹ ẹ́. Àlàyé kan tí àwọn olùwádìí fúnra wọn gbé yẹ̀ wò nìyẹn.

Ṣé ìlànà tuntun fọwọ́ sí áísìkiriìmù ọlọ́ràá?

Rárá. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni mílíìkì ọlọ́ràá tí wọn kò fi ṣúgà kún. Wọ́n fi ṣúgà kún áísìkiriìmù. Ìlànà náà kò sì yí ààlà ọ̀rá saturated padà: kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 10 lọ nínú ọgọ́rùn-ún kálórì tí èèyàn ń jẹ lójúmọ́. Àwọn alátakò ní ọ̀rọ̀ méjèèjì kọlu ara wọn, pé ẹni tó bá ń mu mílíìkì ọlọ́ràá tó tún ń jẹ ẹran dáadáa, ìdá 10 yẹn kò ní pẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ló dé tí inú fi máa ń kùn lẹ́yìn tí a bá jẹ ẹ́?

Ìbéèrè yìí kan àwa Yorùbá gan-an. Ní 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, tó padà di mínísítà ètò ìlera Nàìjíríà ní 1985, wà lára àwọn tó gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn Lancet nípa bí lactose ṣe ń dà nínú àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé kì í dà nínú àgbàlagbà Yorùbá tó pọ̀ jù, ó sì yàtọ̀ gan-an láàárín àwọn Fúlàní tó ń da màlúù. Bí ọmọ Yorùbá bá ti já lẹ́nu ọmú tó sì ń dàgbà, ohun tó ń bá ikùn lọ lactose máa ń dínkù nínú ara ọ̀pọ̀ wọn.

Mílíìkì oníyẹ̀fun tí wọ́n fi ń dí àyè ọ̀rá ló ń gbé lactose wọlé. Nítorí náà, áísìkiriìmù tí ọ̀rá rẹ̀ dínkù lè ní lactose ju ọlọ́ràá lọ. Tí sorbitol tàbí maltitol bá tún wà níbẹ̀, wàhálà inú di méjì. Kò túmọ̀ sí pé ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ ẹ́ rárá. Ọ̀pọ̀ ń jẹ díẹ̀ láìsí nǹkan, àwọn kan sì ń ra èyí tí wọ́n ti yọ lactose rẹ̀. Ọ̀rá nìkan kọ́ ni kí èèyàn máa fura sí bí inú bá ń kùn.

Kí ni yóò yí padà lójú ike?

Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, FDA gbé àbá kan síta pé kí àpótí kékeré kan máa wà níwájú oúnjẹ, tí yóò sọ bóyá ọ̀rá saturated, iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n fi kún un kéré, wà ní ìwọ̀nba, tàbí pọ̀. Kò sí àpapọ̀ ọ̀rá nínú àpótí náà. Ohun tó bá kó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ojúmọ́, wọ́n á kọ ọ́ pé ó pọ̀. Fún ṣúgà àfikún, ìyẹn jẹ́ gíráàmù 10. Nínú ṣúgà 22 tó wà nínú fánílà "light", bíi gíráàmù 6 ni lactose. Èyí tó ṣẹ́kù yóò ti kọjá gíráàmù 10 nínú ìjẹ ẹ̀ẹ̀kan. Fánílà tí kò dín nǹkan kan kù yóò gba "pọ̀" méjì, fún ọ̀rá saturated àti ṣúgà. "Light" yóò gba ẹyọ kan, fún ṣúgà.

Àwọn tó wà ní Britain yóò rí nǹkan mìíràn. Níbẹ̀, kí wọ́n tó lè kọ "reduced fat", ọ̀rá gbọ́dọ̀ fi ìdá 30 dín, kì í ṣe 25. Àwọ̀ bíi ti iná ojú pópó ni wọ́n sì ń lò níwájú ike, iléeṣẹ́ tó bá wù ló ń lò ó. Ṣúgà kì í gba pupa nínú gíráàmù 100 àyàfi tó bá ju 22.5 lọ. Nítorí náà, fánílà "light" tí Amẹ́ríkà fẹ́ kọ "pọ̀" sí nítorí ṣúgà yóò gba àwọ̀ àárín ní London.

Ẹgbẹ́ CSPI, tó ń gbèjà àwọn oníbàárà l'Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé sí FDA láti 2022 pé kí irú àpótí yìí wà. Àwọn iléeṣẹ́ oúnjẹ ní àkọlé Facts Up Front tí àwọn fúnra wọn ń lò láti 2011 ti tó. Bí FDA bá sọ àbá náà di òfin, àwọn iléeṣẹ́ ńlá yóò ní ọdún mẹ́ta láti bẹ̀rẹ̀, àwọn kéékèèké yóò sì ní mẹ́rin.